Máàkì Tí Bàbá Rélùwéè Gbà

Ní ilé wa, ẹnikẹ́ni kì í jẹ ẹran lásán. Máàkì ló ń gé ẹran. Ní ọjọ́ tí ilé-ìwé bá gba ọlidé, bàbá bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Rélùwéè, á jókòó sórí àga rẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, á ní kí gbogbo ọmọ ilé, títí kan ọmọ àwọn ayálégbé, wá tò síwájú òun pẹ̀lú káàdì èsì lọ́wọ́. Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, á ti ń se ẹran láti àárọ̀, òórùn rẹ̀ á ti gba gbogbo yàrá kan. Bàbá á gba káàdì, á gbé e jìnnà sójú díẹ̀, á pe máàkì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà á na ọwọ́ sí àwo. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní á gba eegun tó ní mùdùnmúdùn nínú, ẹni kejì á gba ṣàkì, ẹni kẹta á gba ẹ̀dọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi kan èmi, tí mo máa ń ṣe ipò kejìlélọ́gbọ̀n nínú ọmọ márùndínlógójì. Bàbá á wo àwo, á wò mí, á ní, "Sìdí, bu omi ọbẹ̀. Omi ọbẹ̀ kò léegun, kò ní há ẹ lọ́fun." Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí wọ́n bá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí kò bá bá wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún ní ó ń bínú.

Ìsọlọ̀ ni ilé náà wà, ní òpópónà kan tó já sí Òkòtà, níbi tí bàálù ti máa ń fò kọjá lórí páànù bí ẹni pé ó fẹ́ wá bá wa jẹun. Bí bàálù bá ń bọ̀, gbogbo ẹni tó wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ á gbé ẹnu dúró. Ẹni tó ń jà á dákẹ́, ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀ á dákẹ́, kódà ẹni tó ń ṣépè á fi èyí tó kù sẹ́nu títí bàálù á fi kọjá, á wá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá a dé. Bàbá mi àti màmá mi ń ta òkìrìkà ní Òṣòdì, àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń jáde, nítorí náà ọwọ́ Bàbá Rélùwéè àti Ìyá Àgbà ni a máa ń wà, èmi àti Wàsíù. Wàsíù ni ọmọ Àǹtí Múnírá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó fi í sílẹ̀ fún wọn nígbà tó ń lọ sí Kánádà. Ipò kìíní ni Wàsíù máa ń ṣe. Bí ó bá ń kàwé, ẹnu rẹ̀ á máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé, kí o tó ṣẹ́jú ó ti dé ìsàlẹ̀. Èmi, bí mo bá ń kàwé, ṣe ni mo máa ń fi ìka tọ́ ọ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Tíṣà ní mo lọ́ra. Bàbá kò ní mo lọ́ra o, olódo ló ní mo jẹ́, ó sì máa ń pè mí bẹ́ẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́, bí ẹni ń ki ọmọ lóríkì.

Ọlọ́run ló mọ bí Bàbá ṣe fẹ́ràn nọ́ńbà tó. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ẹ̀bá ojú irin ní Òṣòdì ni wọ́n máa ń dá a dúró sí, kí ó máa kọ nọ́ńbà ara wágọ́ọ̀nù tó bá ń kọjá sínú ìwé. Ó ní nínú òjò, nínú oòrùn, òun kò ṣi ẹyọ kan kọ rí. Bí ó bá ti jẹun tán, tó ti tanná sí sìgá rẹ̀, á máa ka àwọn nọ́ńbà àtijọ́ náà sí wa létí, à á sì máa ní "Háà, Bàbá!" bí ẹni pé a mọ àwọn wágọ́ọ̀nù náà. Ohun gbogbo tó bá dára, ó gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, nọ́ńbà náà sì gbọ́dọ̀ pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jiyàn, á ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Mo gun igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa títí ní ọdún yẹn láti wo ohun tí Bàbá ń rí. Orùlé àwọn ará Òkòtà ni mo rí.

Ọdún yẹn náà ni bàbá ọ̀rẹ́ Àǹtí Múnírá kan ṣubú lulẹ̀ ní Kánádà níbi tó ti ń gé koríko, kò dìde mọ́. Wọ́n ní ọkàn ló pa á. Ẹ̀rù ba Àǹtí, ó pe ilé lórí fóònù, ó ní dandan ni kí Bàbá àti Ìyá Àgbà lọ ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wo iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn. Ó ti bá wọn san owó rẹ̀ ní ibì kan lọ́nà Ìkẹjà. Lójú Bàbá, kò sí àyẹ̀wò kan tí kì í ṣe ìdánwò. Ẹnìkan ní mọ́ṣáláṣí sọ fún un pé wọ́n á ní kí ó dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ kan tó rí roboto, kí ó sì mú èémí dúró. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń mú èémí dúró ní ọ̀ọ̀dẹ̀ láràárọ̀, tí Wàsíù ń bá a ka iye tó lè gbà, ojú rẹ̀ á pọ́n, ọrùn rẹ̀ á wú. Ó ní kí Ìyá Àgbà wá gbìyànjú ẹ̀. Ìyá Àgbà ní, "Bàbá Múnírá, ẹ̀fọ́ ni mo fẹ́ já. Èémí tí Ọlọ́run fún mi, ẹ jẹ́ kí n máa mí in." Bàbá mi orí, ó ní ọlẹ ló ń pa obìnrin yìí.

Nígbà tí èsì jáde, inú àpòòwé méjì ni wọ́n kó o sí, wọ́n sì sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé e lọ fún dókítà wọn. Bàbá gbé e wálé. A pé jọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, Bàbá ní kí Wàsíù kà á. Wàsíù fa ti Bàbá yọ, ojú rẹ̀ sáré lọ sí ibi tí nọ́ńbà wà, ó fò sókè. "Bàbá, ẹ ti pàsì! Irinwó ó lé méjìlá!" Kò tíì sí ẹni tó gba irú máàkì bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Bàbá kò rẹ́rìn-ín, ó kàn tún fìlà rẹ̀ ṣe, bí àwọn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ṣe máa ń ṣe. "Ti Ìyá Àgbà yín ńkọ́?" Wàsíù fa èkejì yọ, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Òdo ni, Bàbá." "Òdo báwo? Òdo bíi ti Sìdí?" Wàsíù ní, "Sìdí gan-an ṣì máa ń rí méjì tàbí mẹ́ta nínú ìṣirò." Gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀ hó. Ìyá Àgbà náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó wò mí, mo wò ó, a mọ ara wa.

Kí àwọn tó bá gbọ́n má baà rò pé ilé òmùgọ̀ ni ilé wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí mìíràn. Wàsíù rí i lórí ìwé náà pé kálísíọ̀mù ni wọ́n wọ̀n. Kálísíọ̀mù kẹ̀! Ohun tí wọ́n kọ sára agolo mílíìkì, tí tíṣà sọ fún wa pé ó ń mú eegun le. Ó wá hàn kedere pé ọkàn Bàbá ti kún fún agbára, ti Ìyá Àgbà sì ṣófo bíi kòròfo agolo. Àǹtí pè láti Kánádà, Bàbá gbé fóònù sétí, ó ní, "Múnírá, mo yege. Ọlọ́run sọ mí di ọ̀dọ́. Ìyá rẹ ni ká máa gbàdúrà fún." Àǹtí fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀, nẹ́tíwọ̀kì gé e. Mo bi Bàbá bóyá wọn ò ní lọ rí dókítà tí wọ́n ní kí wọ́n lọ rí. Ó wò mí tàánútàánú. "Sìdí, ọmọ tó bá fìdí rẹmi ni tíṣà máa ń ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Kí ni kí n lọ bá dókítà ṣe? Kí n lọ máa yangàn sí i lórí ni?"

Bí òfin ẹran ṣe dé orí àwọn àgbà nìyẹn. Bàbá ní bí òfin bá mú ọmọdé tí kò mú àgbà, kì í ṣe òfin. Irinwó ó lé méjìlá gba ẹran mẹ́rin lójúmọ́, èyí tó sanra jù, pẹ̀lú awọ àti ìfun, ó sì fi sìgá kan kún ti tẹ́lẹ̀. Òdo gba omi ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n aláàánú ni Bàbá, kò fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ kú, ó ní kí wọ́n máa ra mílíìkì fún un kí máàkì rẹ̀ lè gòkè. Ẹ wo obìnrin tó ti ń fẹ́ mílíìkì sínú tíì láti ìgbà tó ti wọ ilé ọkọ, tí ọkọ rẹ̀ ń ní ìfiṣòfò ni. Ó di pé kí ó máa jókòó lórí àpótí lẹ́bàá mi, kí á máa jẹ ẹ̀wà, kí ó máa fi mílíìkì lé e. Ó máa ń fún mi lára rẹ̀. "Gbà, olódo ẹgbẹ́ mi," á sọ ọ́ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, à á sì máa rẹ́rìn-ín sínú ife. Nínú gbogbo ọdún tí mo lò nínú ilé yẹn, ìgbà náà ni mo gbádùn oúnjẹ jù. Ó dùn mí láti sọ ọ́ báyìí, nítorí mo ti mọ ohun tó ń lọ lọ́wọ́ ní àwo kejì.

Bàbá mú mi lọ sí Òṣòdì ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn láti ra bàtà ilé-ìwé. A gun afárá tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, a ò tíì dé òkè tí Bàbá fi dúró, tó fi ọwọ́ kan di irin ẹ̀gbẹ́ mú, tó fi èkejì tẹ àyà. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn kò mú. Àwọn èrò ń ti wa, wọ́n ń ní, "Bàbá, ẹ yà díẹ̀!" Mo ní, "Bàbá, kí ló dé?" Ó ní, "Mò ń wo ọkọ̀ ojú irin." Mo wo ìsàlẹ̀. Kò sí ọkọ̀ ojú irin kankan níbẹ̀, obìnrin kan ló ń sá ata sí ẹ̀gbẹ́ irin. A dúró títí èémí rẹ̀ fi wálẹ̀. Nígbà tí a ń lọ ó ní bí àpò sìmẹ́ńtì ni ohun náà ṣe máa ń jókòó sí òun láyà, agbára ló ń wọlé, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bí a ti dé, ó ní kí n gbé èsì rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà ní ìkóríta, kí wọ́n fi ike bò ó, òun máa gbé e kọ́ ògiri. Ìwé méjì ló wà nínú àpòòwé náà. Bàbá fi ìka kan ti àkọ́kọ́, tí nọ́ńbà ńlá wà lórí rẹ̀. "Èyí ni kí wọ́n bò. Ti èkejì yẹn, ọ̀rọ̀ lásán ló kún inú rẹ̀." Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, iná ti lọ, obìnrin tó ni ibẹ̀ ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, kò fẹ́ tan. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì. Kò sí ohun tí mo lè fi ojú ṣe, mo mú ìwé ọ̀rọ̀ lásán náà, mo fi ìka sí abẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

Ó pẹ́ kí n tó dé ìsàlẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n to nọ́ńbà sí bí àtẹ̀gùn, pẹ̀lú àlàyé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdo, wọ́n kọ ọ́ pé wọn ò rí ohun líle kankan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ irinwó sókè, ọ̀rọ̀ gùn, méjì nínú rẹ̀ kò yé mi. Mo lọ bi obìnrin ṣọ́ọ̀bù. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ tí epo ti bà jẹ́, ó kà á, ó yí padà wò mí. "Ta ló ni rìsọ́ọ̀tì yìí?" "Bàbá wa ni, mà." "Ṣé wọ́n ti lọ rí dókítà?" Mo ní rárá, mà, wọ́n ti yege ni. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Wọn ò yege o. Ohun tí wọ́n kọ síbí ni pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn ti le gan-an, àrùn ọkàn lè kọlù wọ́n, kí wọ́n tètè lọ rí dókítà. Gbé e lọ sílé. Mi ò ní fi ike bo èyí." Mo rìn padà sílé. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí kì í ṣe ikú Bàbá nìkan. Ẹ̀rù ń bà mí pé èmi ni mo máa sọ ọ́.

Ìyá Àgbà ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ife mílíìkì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀, kò tún gbé e mọ́ títí ó fi tutù. Ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Ó ní kí n tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ bá ọkọ rẹ̀ nídìí àwo ẹran. A kì í la ọ̀rọ̀ báyìí mọ́ àgbàlagbà lórí, nítorí náà ẹ̀yìn ló gbà wọlé. Ó ní, "Bàbá Múnírá, àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru." Bàbá wo awọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo Ìyá Àgbà. "Ta ló ń jẹ kòkòrò? Ṣé awọ màlúù ló di kòkòrò? Ìyá Múnírá, mo mọ̀ pé òdo yẹn ń dùn ẹ́. Má ṣe ìlara mi. Mu mílíìkì rẹ." Ìyá Àgbà padà wá jókòó. A kò lè pe Àǹtí, nítorí fóònù tó ń gba Kánádà, abẹ́ ìrọ̀rí Bàbá ló ń gbé. Ìyá Àgbà ní, "Sìdí, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ kèrègbè. Ọwọ́ tèmi kò wọ èyí. Ìwọ lo máa sọ ọ́."

Jímọ̀ ni ọjọ́ kejì. Bàbá ti kó ọ̀rẹ́ mẹ́ta bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí kí wọ́n wá fi ojú ara wọn rí irinwó. Ó pè mí. "Sìdí, gbé rìsọ́ọ̀tì mi wá. Ṣé ike náà ń dán?" Mo jáde síwájú wọn, ìwé méjèèjì wà lọ́wọ́ mi láìní ike. Mo ní, "Bàbá, wọn ò bò ó. Ìwé kejì sọ pé ẹni tó gba òdo ló yege. Ẹni tó gba irinwó ni ara rẹ̀ kò dá." Ọlọ́run ló ń ṣe é, bàálù kan dé sórí wa ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀. A kàn ń wo ara wa. Mo rí Wàsíù tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, mo rí àwọn bàbá mẹ́ta tí wọ́n ń wo Bàbá, mo rí Bàbá tí ojú rẹ̀ ń lọ láti ọ̀dọ̀ mi sí ìwé. Nígbà tí bàálù kọjá, Wàsíù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Sìdí olódo ló fẹ́ kọ́ wa ní ìwé!" Bàbá kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó gba ìwé kejì lọ́wọ́ mi, ó gbé e jìnnà sójú díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó wò ó, ó wò ó, ó tún wò ó. Ó ká a, ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó fi àlejò sílẹ̀ sórí ìjókòó.

Lẹ́yìn àdúrà Àsárì ó ní kí n wá, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé ó fẹ́ nà mí. Ó na ìwé náà sí mi. "Kà á fún mi." Mo ní, "Bàbá, ẹ ti kà á." Ó ní, "Nọ́ńbà ni mo mọ̀, Sìdí. Nọ́ńbà nìkan. Wọ́n kọ́ mi ní nọ́ńbà fún iṣẹ́ wágọ́ọ̀nù, kò sí ẹni tó kọ́ mi ní ọ̀rọ̀." Bàbá tó ti ń ka káàdì wa láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú! Nọ́ńbà ló ń pè. Ohun tí tíṣà máa ń kọ sísàlẹ̀ nípa ìwà wa àti ìgbìyànjú wa, ẹyọ kan kò dé etí ẹnikẹ́ni rí, nítorí pé Bàbá kò mọ ohun tí wọ́n kọ. Mo bi í pé ta ló mọ̀. Ó ní, "Ìyá Àgbà yín. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Kò sọ fún ẹ̀dá kan." Inú bí mi. Mi ò ní purọ́, inú bí mi ju bí àánú ṣe ṣe mí lọ. Obìnrin tó mọ èyí ni wọ́n fún ní omi ọbẹ̀, tí wọ́n fi òdo ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ayálégbé, ó sì jẹ ẹ̀wà rẹ̀, ó dákẹ́. Mo fi ìka sí abẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, mo kà á fún Bàbá láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ń túmọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò fo nǹkan kan. Nígbà tí mo parí, ó ní, "O lọ́ra. O ṣeun."

Dókítà tí a bá ní Òkòtà ní ọjọ́ kejì, obìnrin ni, ojú rẹ̀ kò sì dàgbà. Bàbá kọ́kọ́ béèrè ibi tí dókítà àgbà wà. Ó ní, "Èmi náà ni, Bàbá, ẹ jókòó." Ó wo èsì náà, ó bi í bóyá àyà máa ń dùn ún. Bàbá ní rárá o. Mo ní, "Bàbá, orí afárá." Ó fi ojú kìlọ̀ fún mi, ó wá ní, "Díẹ̀." Dókítà ṣàlàyé pé kálísíọ̀mù yìí kì í ṣe ti eegun, kò sì ti inú mílíìkì wá. Ọ̀rá ló ti ń lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ láti ọdún pípẹ́, tó wá le níbẹ̀ bí ẹfun, bí nọ́ńbà bá sì ṣe pọ̀ tó ni àrùn náà ṣe pọ̀ tó. "Òdo ni à ń fẹ́, Bàbá. Irinwó ti pọ̀ jù. Kò sọ pé ẹ máa kú lónìí o, ó ń sọ pé kí ẹ má fi dọ̀la." Bàbá ń yí fìlà lọ́wọ́. Ó wá ní, "Dókítà, ṣé ẹ lè jẹ́ kí n tún un ṣe? Mo lè lọ múra sílẹ̀ dáadáa." Èmi tí mo ti ń dúró de ọjọ́ tí ẹnìkan máa fi Bàbá Rélùwéè ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò lè rẹ́rìn-ín. Dókítà ní nọ́ńbà náà kì í sábà wálẹ̀. Ohun tí èèyàn lè ṣe ni kí ó má jẹ́ kí ó sáré gòkè, kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ má sì dí. Ó kọ oògùn, ó ní kí wọ́n tún lọ yẹ ọkàn náà wò bí ó ṣe ń lù, ó ní kí Bàbá fi sìgá àti ẹran ọ̀rá sílẹ̀. Nípa Ìyá Àgbà, ó ní òdo dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé àṣẹ pé nǹkan kan kò ní ṣe é láéláé. Bàbá lo ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Wàsíù ti di ọ̀gá níléeṣẹ́ ńlá kan báyìí, mo sì gbọ́ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀ pé kì í ṣí ìwé kejì wò títí dòní.

Ẹsẹ̀ la fi ń bọ̀ wálé. A rìn díẹ̀, a dúró díẹ̀, kò sì purọ́ ọkọ̀ ojú irin fún mi mọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì kan níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì, ó gbé àpò oògùn lé itan. Ó ní, "Wọ́n á ti máa dúró dè wá ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè ẹni tó ka ìwé náà tí a fi mọ̀, kí lo máa sọ?" Mo ti ń rò ó láti ọ̀dọ̀ dókítà. Mo ní, "Màá ní ẹ̀yin ni, Bàbá. Màá ní ẹ padà kà á, ẹ sì rí i." Mo rí i pé ó dùn mọ́ ọn, ó ń tọ́ ọ wò lẹ́nu.

"Wọ́n á gbà ẹ́ gbọ́," ó ní. "Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá tún kó irọ́ yìí wọlé, inú rẹ̀ ni màá kú sí. Sọ fún wọn pé Bàbá Rélùwéè kò mọ̀wé kà, pé ìwọ lo kà á. Sọ ọ́ lójú Wàsíù. Bí o bá rí i pé ojú ń tì mí, má dánu dúró."

A délé, mo sọ ọ́. Ojú tì í gan-an. Mi ò dánu dúró.